Bẹ́ǹṣì Bàbá Àgbà: Ibi Tí Tábìlì Iṣẹ́ Káfíńtà Ti Wá

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ má tíì sá lọ.

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, à ń múra ìrántí ọdún kẹwàá tí bàbá bàbá mi ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n yóò rántí pé káfíńtà ni wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Nígbà tí igi ìdáná kò tó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní ká kúkú la bẹ́ǹṣì àtijọ́ yẹn, pé igi gidi ni, yóò jó dáadáa. Wọ́n ti gbé àáké o. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà kò ka bẹ́ǹṣì yẹn sí nǹkan kan ju ibi tí adìyẹ ń yé sí lọ. Ihò ló jẹ́ kí n ní kí wọ́n dúró. Mo rí ihò mẹ́sàn-án tí wọ́n lu sára pákó fífẹ̀ tó wà níwájú bẹ́ǹṣì náà, ìkọ̀ọ̀kan tóbi tó àtàǹpàkò. Mo bi wọ́n pé kí ni ihò wọ̀nyí wà fún. Wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ owó tó ti orí bẹ́ǹṣì yẹn jáde ló rán bàbá mi níléèwé.

Owó tí mo fẹ́ fi wọkọ̀ padà sí yunifásítì ni mo fi ra igi ìdáná mìíràn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àgọ́ ọmọ ogun Róòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Saalburg. Nínú kànga àgọ́ náà ni wọ́n ti rí bẹ́ǹṣì káfíńtà kan, tí wọ́n ní ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 187 lẹ́yìn ìbí Jésù. Kí ni kò jẹ́ kó jẹrà? Omi àti ẹrọ̀fọ̀ bò ó, afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ibẹ̀. Pákó gbọọrọ ni, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó parí. Ní Ítálì náà, nílùú Herculaneum tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, wọ́n rí àwòrán lára ògiri níbi tí àwọn ọmọdé abìyẹ́ ti ń fi ayùn rẹ́ pákó lórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn kò ga. Wọn ò ga ju ohun tí èèyàn lè jókòó lé lọ. Káfíńtà á jókòó lé e, tàbí kó fi orúnkún tẹ igi mọ́ ọn, ara rẹ̀ gan-an ló ń di igi náà mú. Ṣé ẹ rí i, kò jìnnà sí tiwa rárá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa, ilẹ̀ tàbí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ di igi mú, wọ́n á fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Inú àṣà yẹn ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ti jáde, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley lọ́dún 1924, tó wà ní British Museum títí dòní. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi bí ẹnì kan bá ní àwọn bàbá wa kò lo bẹ́ǹṣì nítorí pé wọn ò ní làákàyè. Kí ni ẹni tó ń gbẹ́ ère yóò fi bẹ́ǹṣì gíga ṣe? Ó ní láti máa yí igi náà síbí sọ́hùn-ún ni.

Ìfági ló gbé káfíńtà dìde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìfági fá pákó gbọọrọ fún ilẹ̀kùn tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ nílò ojú tó tẹ́jú, tó wúwo, tí kò ní mì. Ẹ nílò ohun tí yóò dènà pákó náà kó má sá lọ. Ẹ sì ní láti dúró lórí ẹsẹ̀ yín kí gbogbo ara lè ti ìfági náà síwájú, torí apá nìkan kò tó o.

Ẹni tó wá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ tó kún jù ni André Roubo, ọmọ Paris, tí wọ́n bí lọ́dún 1739. Ọmọ káfíńtà ni, òun náà sì ṣe káfíńtà. Ọdún 1769 ni apá kìíní ìwé rẹ̀, L'Art du menuisier, jáde. Nínú bẹ́ǹṣì tirẹ̀, pákó nínípọn kan ṣoṣo ló wà lókè, wọ́n gbẹ́ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ahọ́n, wọ́n sì kì í bọ inú ihò tó la pákó náà já. Ìdènà kan wà ní ìparí rẹ̀ lápá òsì. Irin kan tún wà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀: ẹ kì í bọ ihò, ẹ fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ti di igi mú gírígírí nìyẹn. Ẹ lù ú láti ẹ̀yìn, ó tú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì wa kọ́ nìyẹn. Tiwa jọ ti Peter Nicholson, ọmọ Scotland, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1812. Pákó tirẹ̀ kò nípọn tó ti Roubo, àmọ́ ó kan pákó fífẹ̀ mìíràn mọ́ iwájú bẹ́ǹṣì láti fún un lágbára, ó sì lu ihò tò lọ sára rẹ̀. Bí pákó tí ẹ fẹ́ fá etí rẹ̀ bá gùn, ẹ ó ki èèkàn kékeré bọ ihò tó bá yẹ, pákó á jókòó lé e. Ọjọ́ tí mo rí àwòrán yẹn lórí fóònù mi, mo pariwo. Ihò mẹ́sàn-án wa nìyẹn!

Báwo ni irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà tó wọlé kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Kó tó di bíṣọ́ọ̀bù, kó tó túmọ̀ Bíbélì, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀ lọ́wọ́ míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Weeks. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà nínú wọn. Àwọn Àgùdà náà ti Brazil dé pẹ̀lú iṣẹ́ tiwọn. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ọ̀gá oníṣẹ́ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Èkó yẹn náà ni bàbá àgbà ti lọ kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó gba fúrídọ́ọ̀mù wálé. (Mi ò sọ pé Crowther ló kọ́ wọn o, kẹ́nikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní group.)

Ó wá ku àtúnṣe. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà dé àárín, àmọ́ ìrókò ni pákó òkè, nǹkan kan kò ṣe é. Mo lọ bá bọ̀dá káfíńtà tó wà ní jọ́ńkíṣọ̀n. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yunifásítì, kí lo fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fá igi báyìí." Mo ní, "Bọ̀dá, tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?" Wọ́n dákẹ́, wọ́n mú téèpù. Íǹṣì 31 ni gíga bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n ní bàbá àgbà kò ga, àti pé ẹni tó ń fi ọwọ́ fá igi kì í fẹ́ bẹ́ǹṣì tó ga jù, kó lè fi ara tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n dúró ṣánṣán, kí n na apá sílẹ̀, kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́: ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bá dé ni kí orí bẹ́ǹṣì wà. Tèmi bọ́ sí íǹṣì 34. Igi apá la fi ṣe ẹsẹ̀ tuntun. A kan pákó mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti gbé ẹrù wúwo sí, kó má baà máa sún bí a bá ń ti ìfági.

Ibi tí a ti ń tò ó ni nǹkan kan ti ta mí létí. Ìdènà orí bẹ́ǹṣì, ẹ rántí pé apá òsì ni Roubo fi tirẹ̀ sí, torí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ló ń ti ìfági lọ. Tiwa wà lápá ọ̀tún. Ìwọ̀ tí wọ́n ń fi ayùn kọ́ sára ògiri náà, apá òsì ló wà. Bọ̀dá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yìí."

Mo sáré lọ bá màmá àgbà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní láti kékeré ni wọ́n ti nà wọ́n nítorí rẹ̀, títí wọ́n fi ń fi ọ̀tún jẹun, tí wọ́n ń fi ọ̀tún kí èèyàn, tí wọ́n ń fi ọ̀tún gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni wọ́n ti ń lo ọwọ́ wọn bó ṣe wù wọ́n, ìyẹn sì ni wọn kì í fi í fẹ́ kí èèyàn dúró wo àwọn níbi iṣẹ́. Bàbá mi kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbé àáké kò mọ̀.

Bẹ́ǹṣì náà ti wà lẹ́bàá fèrèsé báyìí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí igi. Ayùn, ìfági méjì àti òòlù ti wà lára ògiri ní ibi tí ọwọ́ lè tètè tó o. Ìdènà ṣì wà lápá ọ̀tún. Èmi ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni yóò máa yí ara mi po.

Ẹ jọ̀ọ́, bí bẹ́ǹṣì káfíńtà bá wà nílé bàbá yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n là á, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù kó irin ara rẹ̀ lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọn gígùn àti gíga rẹ̀, ẹ wo apá ibi tí ìdènà wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́. Bí àgbà kan bá ṣì wà nílé tó mọ ẹni tó ni ín, ẹ bi í nísinsìnyí. Nílé tiwa, wọ́n pè mí láàárọ̀ àná pé adìyẹ ti tún yé sábẹ́ rẹ̀.