Ìbòjú Àwọn Ẹlẹ́hàá àti Iṣẹ́ Ìjọba: Àgbéyẹ̀wò Láti Òrè àti Òdìgbó

Òrè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oríta ni: ọ̀nà Èkó sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Onírúurú ẹlẹ́sìn ni ó ń wá iṣẹ́ ìjọba lọ sí ọ́fíìsì kan náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí ìbòjú dí ẹlẹ́hàá lọ́nà níbẹ̀?

Bíbo ojú nítorí ẹ̀sìn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìlẹ̀kẹ̀ ara adé a máa bo ojú ọba. Ẹ̀kú a sì máa bo eégún látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n awo mọ ẹni tí ó gbé e. Ní Ìbàdàn, ṣáájú òmìnira ọdún 1960, àwọn obìnrin ìjọ Bàmídélé ti ń fi aṣọ bo ojú. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó mọni ni ó ń jẹ́rìí ẹni.

Àwòrán àti ìtẹ̀ka ni ó gba ipò ẹlẹ́rìí yìí. Òfin ọdún 2007 dá àjọ NIMC sílẹ̀, èyí tí ó ń ya àwòrán ojú, tí ó sì ń gba ìtẹ̀ka. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ síìmù; láti oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìpè láti orí síìmù tí a kò so. Ẹlẹ́hàá tí ó bá sá fún kámẹ́rà lè pàdánù ohun tí ó ju káàdì lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí híjáàbù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó. Ṣùgbọ́n orí ni híjáàbù ń bò, kì í ṣe ojú. Ìdájọ́ náà kò yanjú ọ̀ràn ẹlẹ́hàá. Ìbẹ̀rù ìjọba náà kò ṣàìní ìdí: lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ènìyàn ní N'Djamena ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Chad fòfin de ìbòjú.

Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà. Ìlànà INEC gbà kí ọkùnrin àti obìnrin tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tí àṣà bá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìdìbò ọdún 2023, ẹ̀rọ BVAS lè fi ìtẹ̀ka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀. Níbi tí àwòrán bá ti di dandan, òṣìṣẹ́ obìnrin lè yà á nínú yàrá ọ̀tọ̀. Ní ìparí, ohun tí ìjọba nílò ni ẹ̀rí pé ẹni náà ni. Kò pọn dandan kí gbogbo èrò orí ìlà rí ojú rẹ̀. Bí awo ti mọ ẹni tí ó gbé ẹ̀kú láìṣí i lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba ní Òrè lè mọ ẹlẹ́hàá.