Òdòdó Gbígbẹ Nínú Ilé, Láyé Àtijọ́ àti Lónìí

Ẹ̀yin ará wa ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, àti ẹ̀yin ará Igolo, Banigbé, Daagbé, Lagbé, Tchaada àti Ko-Koumolou, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí dá lórí ọ̀ṣọ́ inú ilé. A fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi òdòdó tòótọ́ ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, tí òdòdó náà kì í sì í jẹrà.

Ẹ wo inú pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé lóde òní. Ẹ ó rí òdòdó pupa tàbí òdòdó funfun lórí tábìlì. Rọ́bà ni. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá, owó ni a sì fi rà á ní ọjà. Bí ẹ bá bi onílé pé kí ló dé tí kò fi òdòdó tòótọ́ síbẹ̀, yóò ní, "Òdòdó tòótọ́ kì í pẹ́. Bí a bá já a láàárọ̀, ó ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú." Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ìtàn fi hàn wá pé òdòdó lè pẹ́ ju ẹni tó já a lọ.

ÒDÒDÓ ỌBA ÍJÍBÍTÌ

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní òkè Áfíríkà wa yìí, ọba kan wà tí ń jẹ́ Tutankhamun. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó wàjà. Ó ti lé ní 3,300 ọdún báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1922, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Howard Carter àti àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Íjíbítì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí ibojì ọba náà. Wúrà pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣí àwọn pósí ọba náà ní ọdún 1924 àti 1925, wọ́n bá ohun mìíràn níbẹ̀ tí kì í ṣe wúrà. Òdòdó ni, tí a so pọ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn. Ewé igi ólífì wà nínú rẹ̀. Òdòdó òṣíbàtà aláwọ̀ aró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ mọ òṣíbàtà: ó ń léfòó lórí omi àbàtà tiwa náà. Òdòdó wọ̀nyí ti gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò jẹrà. Àwọ̀ díẹ̀ ṣì kù lára wọn.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n. Kí ni à ń ṣe sí ilá kí ó tó di ọ̀rúnlá? Kí ni à ń ṣe sí iṣu kí ó tó di èlùbọ́? Omi inú rẹ̀ ni à ń lé jáde. Ohun tí omi bá ti tán lára rẹ̀ kì í bu, kì í sì í rà. Ilẹ̀ Íjíbítì gbẹ, òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀. Ibojì náà ṣókùnkùn, wọ́n sì ti dí ẹnu rẹ̀ pa. Ìgbẹ àti òkùnkùn ni ó pa òdòdó náà mọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA YÀN

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ tiwa kò rí bí ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àkókò òjò ń dé sí wa lọ́dún: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù keje, ó sì tún ń padà wá láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá fi òdòdó gbígbẹ sí ìta gbangba ní oṣù kẹfà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bu. Àwọn baba àti ìyá wa mọ èyí. Nítorí náà, ohun líle ni wọ́n yàn fún ọ̀ṣọ́ ilé.

Igbá ni àkọ́kọ́. Òdòdó funfun tó ń là ní ìrọ̀lẹ́ lórí ìtàkùn ni ó ń di igbá. A óò gé igbá tó gbó, a óò là á, a óò rẹ ẹ́ sínú omi títí inú rẹ̀ yóò fi rà. A óò ha inú rẹ̀ mọ́, a óò sì sá a sí oòrùn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn afíngbá ń fín onírúurú àrà sí i lára. Ní Àgbómẹ̀ láyé àtijọ́, ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin a fún un ní igbá tí a fín àwòrán sí. Òwe ni àwòrán náà. Obìnrin náà a wò ó, a sì mọ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ. Kíkà ni ìyẹn náà.

Èkejì ni màrìwò. Ọ̀gọmọ̀ ọ̀pẹ ni a ń ya wẹ́wẹ́, tí a ń ta sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ Ògún. Ó ń gbẹ níbẹ̀, kì í sì í jábọ́. Nígbà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dé sí Ouidah ní ọdún 1861, àwọn náà bá ọ̀pẹ níbí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń mú imọ̀ ọ̀pẹ bọ̀ láti ìsìn ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, wọ́n ń fi í kọ́ ara ògiri. Yóò gbẹ síbẹ̀ títí di ọdún kejì, nígbà tí a óò sun ún di eérú fún Ọjọ́rú Eérú.

EPO WA ÀTI ÒDÒDÓ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Ọ̀nà kejì wà tí a ń gbà pa òdòdó mọ́, ọ̀nà náà sì kan ọ̀pẹ. Ní ọdún 1779, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Súwídìn, Carl Wilhelm Scheele, rí omi kan nínú epo ólífì. Omi náà ki, ó sì dùn lẹ́nu. Òun ni à ń pè ní gílísẹ́rìn lónìí. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n dáadáa: òun ni ẹ ń fi pa ara nígbà ọyẹ́ kí awọ má bàa là. Ó wà nínú epo pupa pẹ̀lú.

Ní ọdún 1841, ilé iṣẹ́ Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille ní ilẹ̀ Faransé, tẹ̀dó sí Ouidah láti máa ra epo pupa. Láti ìgbà náà, epo púpọ̀ lọ sí òkè òkun láti Ouidah, láti Àjàṣẹ́ àti láti Èkó. Wọ́n fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Bí a bá fi epo ṣe ọṣẹ, gílísẹ́rìn a jáde lára epo náà. Nínú ọṣẹ dúdú tiwa, inú ọṣẹ ni ó ń kù sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọn a sì máa tà á lọ́tọ̀.

Báwo ni ó ṣe kan òdòdó? Gílísẹ́rìn kì í gbẹ bí omi. Bí a bá po ìwọ̀n gílísẹ́rìn kan mọ́ ìwọ̀n omi gbígbóná méjì, tí a ki ìdí ẹ̀ka tútù bọ inú rẹ̀, ewé náà yóò fà á mu. Bí omi ara ewé ti ń lọ, gílísẹ́rìn ń gba ipò rẹ̀. Ewé náà kò ní í rún mọ́wọ́, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀. Ti òdòdó róòsì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sípíríìtì lé omi ara rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó rì í sínú gílísẹ́rìn àti aró. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ecuador fún títà ní òkè òkun, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí wò. Epo tí àwọn ìyá ńlá wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ẹkù lọ sí òkè òkun ní àgbá. Ohun tó wà nínú epo padà wá bá wa nínú ìgò kékeré, lówó gọbọi. Ọwọ́ wa mọ epo í ṣe. Ohun tó wà nínú epo ni a kò mọ̀, nítorí inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, a kò sì tíì lè ka ìwé náà.

ÒDÒDÓ ṢỌKỌ

Òdòdó kan wà lẹ́yìn ilé yín tí kò fẹ́ gílísẹ́rìn rárá. Òdòdó ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ ni. Ewé ṣọkọ ni à ń jẹ, nítorí náà a máa ń gé e kí ó tó tanná. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ fún irúgbìn a yọ òdòdó ṣóńṣó, funfun tó pọ́n díẹ̀. Omi kò pọ̀ lára òdòdó yìí. Bí bébà ni ó rí lọ́wọ́. Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń gbin ẹ̀yà ṣọkọ nítorí òdòdó rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi í sínú ilé. Ṣọkọ tí àwa fi ń se ọbẹ̀!

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe báyìí:

Èkínní, ẹ já a nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán, nígbà tí ìrì ti gbẹ lára rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún irúgbìn.

Èkejì, ẹ já ewé ara rẹ̀ kúrò. Ẹ so ó ní ìdì kéékèèké, ẹ sì fi í kọ́ kí orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ni ó dára. Ẹ má fi í kọ́ ilé ìdáná, kí èéfín má bàa sọ ọ́ di dúdú.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ tó bá já bọ́, ẹ ó tún rí i gbìn.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bí igi rẹ̀ bá ń ṣẹ́ bí ìṣáná, ó ti gbẹ. Ẹ kó o sínú akèrègbè gbígbẹ, ẹ má bu omi sí i. Ẹ má gbé e sún mọ́ àtùpà, nítorí ohun gbígbẹ ń tètè jó.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, kí ó má bàa bu.

Kí ẹ tó gbé e sí pálọ̀, ẹ mú bébà kékeré. Ẹ kọ orúkọ òdòdó náà sí i, ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ já a, ẹ sì kọ orúkọ yín. Ẹni tó so òdòdó ọba Íjíbítì, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìtàn. Orúkọ yín yóò wà lára tiyín, ọwọ́ yín ni yóò sì kọ ọ́.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé yín:

1. Kí ni ó jẹ́ kí òdòdó ọba Íjíbítì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?
2. Kí ló dé tí àwọn baba wa fi yan igbá àti màrìwò?
3. Òdòdó mìíràn wo ní abúlé yín ni ó lè gbẹ láìjẹrà? Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta.