Ta Ló Lè Ní Kí Iṣẹ́ Dúró?

Bí ẹ bá gba Adégbayì kọjá lọ sí Ifẹ̀, ilé tuntun ni lọ́tùn-ún lósì. Bíríkìlà wà lókè, lébìrà ń ru búlọ́ọ̀kù, akoto kì í sábà sí lórí ẹnì kankan.

Kó tó di pé a ń gba lébìrà lójúmọ́, ọ̀wẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń mọlé. Àna, ọ̀rẹ́ àti ará ilé ló ń po amọ̀. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí àgbà tó mọ iṣẹ́ bá ní amọ̀ ò tíì gbẹ, kí oníkálukú máa lọ sílé, ta ni yóò bá a jà? Kò sówó ojúmọ́ tó fẹ́ sọnù. (Ògiri àtijọ́ náà ń wó o, àgàgà nígbà òjò.)

Owó ojúmọ́ ló yí i padà, òfin sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èyí tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1941 dá lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 sọ̀rọ̀ nípa ìdènà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ti ń ráhùn pé ó yọ ibi ìkọ́lé sílẹ̀. Ti 2010 gbòòrò sí i. Gbà-má-bínú náà ṣì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó. Ẹni tó lé ní 40 ló kú. Ilé-iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ kan ti kọ̀wé ní 2020 pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Lébìrà tó ń ru iyanrìn ńkọ́? Bó bá yọwọ́ láàárọ̀, ebi ni lálẹ́, ẹlòmíì á sì ti gba iṣẹ́ rẹ̀ kó tó délé.

Wọ́n kọ́ pápá Òlíḿpíìkì London 2012 láìsí òṣìṣẹ́ kan tó kú níbi ìkọ́lé náà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde ló fi ọ̀rọ̀ ààbò sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń jíròrò ewu iṣẹ́ ọjọ́ náà láràárọ̀.

Àwọn kan nínú wa ń kẹ́kọ̀ọ́ ìkọ́lé, àwọn mìíràn ń kọ́ òfin. Bí ìwé àdéhùn bá dé iwájú yín lọ́jọ́ kan, ẹ fi iye akoto sílẹ̀ ná. Ẹ wò ó bóyá lébìrà á ṣì gba owó ọjọ́ tó bá figbe ta pé ògiri ń là.