Ẹ̀kọ́ Gbogbogbòò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré tí wọ́n ti jáde ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tún padà jókòó sínú ilé-ìwé tí wọ́n ti jáde náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀kọ́ tí ì bá mú wọn fi ilé baba wọn sílẹ̀ lọ sí yunifásítì. J. Stanley Brown, alábòójútó ilé-ìwé náà, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago, ni wọ́n jọ forí korí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Harper ti la ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin sí méjì ní ilé tirẹ̀: ọdún méjì ìṣáájú fún ìmọ̀ tí ó yẹ olúkúlùkù ọmọ ènìyàn, ọdún méjì ìkẹyìn fún ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yàn láàyò, ó sì gbà pé ìlú kékeré lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní apá ìṣáájú yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ṣe wáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ṣe di òpómúléró rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọjáde.

Ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́, ì báà ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó bá wá, ì báà ṣe ìṣirò owó: Gẹ̀ẹ́sì kíkọ, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti ètò ìjọba, iṣẹ́ ọnà àti lítíréṣọ̀. Ilé àgbà ni àríyànjiyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Charles Eliot, tí ó jẹ́ ààrẹ Harvard láti 1869 sí 1909, tú okùn lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí kálukú yan èyí tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ní kó bu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹran nìkan ni yóò máa wá, nítorí náà ni Lowell tí ó rọ́pò rẹ̀ ṣe pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ rì sínú ẹ̀kọ́ kan, kí ó sì tọ́ ìyókù wò. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ń wo àgbà ṣe, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè: kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fẹ́ kí yunifásítì gba ọmọ rẹ̀ wọlé, yunifásítì sì ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a kọ́ ọ̀pọ̀ èrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún gbọ́ jù lọ létí mi ni ẹ̀yìn ogun Hitler, nígbà tí òfin ọdún 1944 ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ ogun tí ó bọ̀ wálé. Ààrẹ Truman yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 28 ní 1946, George Zook ni alága wọn, àbọ̀ tí wọ́n sì jẹ́ ní ìparí 1947 pé ìwé mẹ́fà. Wọ́n ní, ó kéré tán, ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ni ó ní làákàyè láti fi ọdún 14 kàwé. Wọ́n tan orúkọ náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, ká gbogbo ilẹ̀ wọn. Wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí a hun ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ gbogbogbòò pọ̀ bí ìta àti ìwun aṣọ òfì. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni èyí, nítorí ẹni tí ń jó irin pọ̀ lọ́sàn-án ni yóò dìbò, òun ni yóò jókòó ìgbìmọ̀ ní ilé-ẹjọ́, òun náà ni yóò tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà: nígbà tí a dá Yunifásítì Nsukka sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà ní 1960, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ń ràn án lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò bá a wọlé. Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ìdánwò GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ní yunifásítì wa, rí ti jẹ nínú àṣà náà.

Ṣùgbọ́n oko kì í jẹ́ ti baba òun ọmọ kó má ní ààlà. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí ó gbé ìwé èsì rẹ̀ síwájú akọ̀wé yunifásítì, tí akọ̀wé fi bírò fa ìlà sí ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó fi oṣù mẹ́rin kọ́, tí ó ní kò bá ti ilé àwọn mu, kí ó lọ tún un ṣe, kí ó sì tún un san. Láti dá irú ẹkún bẹ́ẹ̀ dúró ni Florida ṣe fi ọwọ́ sí àdéhùn ní 1971: ẹni tí ó bá ti gba oyè ọlọ́dún méjì, tí krẹ́díìtì 36 nínú 60 rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, yunifásítì ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ bi í léèrè rẹ̀ mọ́. California gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1991, Texas sì fi tirẹ̀ sí krẹ́díìtì 42. Àánú gidi ni fún ọmọ tálákà, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀ ó dùn mí pé ohun tí ìgbìmọ̀ Truman fẹ́ kí a hun mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di owó oníbodè, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sọ́wọ́ kí a lè ṣí ẹnu ibodè fún un.

Ìyà àyípadà yìí pọ̀ jù lára ẹni tí kò ní í kọjá lọ sí yunifásítì. Àjọ tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kò béèrè ju krẹ́díìtì 15 lọ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún oyè ọlọ́dún méjì, ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í fi púpọ̀ kún un. Nítorí náà wẹ́dà tí ó bá dé kíláàsì ìtàn lálẹ́, tí èéfín irin ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ bíi 16 péré ni a fún un láti gbọ́ bí ìjọba tí ó ń sanwó orí fún ṣe dé ibi tí ó wà.