Iye Owó tí a ó Fi Lé Ebi Kúrò Láyé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, àwọn aṣojú ìjọba àgbáyé pé jọ sí ìlú Róòmù nítorí ọ̀ràn oúnjẹ. Ọ̀dá ti fojú àwọn ará Sahel rí màbo, ìyàn sì ń jà ní Bangladesh. Níbẹ̀ ni Henry Kissinger, akọ̀wé ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, ti sọ pé kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kò ní sí ọmọ tí yóò tún fi ebi sùn mọ́. Bí ọdún mẹ́wàá náà ti pé, ìyàn tí ó burú jáì ni ó ń jà ní Etiópíà.

Ìlérí rọrùn, eélòó ni yóò ná ayé láti mú un ṣẹ? Ní ọdún 2015, àjọ mẹ́ta tí ó fìdí kalẹ̀ sí Róòmù, tí ọmọ Nàìjíríà, Kanayo Nwanze, jẹ́ olórí ọ̀kan nínú wọn nígbà náà, ṣírò rẹ̀ sí bílíọ̀nù 267 dọ́là lọ́dọọdún títí di 2030. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 160 dọ́là lórí òtòṣì paraku kọ̀ọ̀kan. Bílíọ̀nù 67 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìrànwọ́. Iṣẹ́ tí yóò mú owó wọlé fún tálákà, pàápàá iṣẹ́ oko, ni ìyókù wà fún.

Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFPRI àti IISD ní bílíọ̀nù 11 ni àfikún tí ó yẹ lọ́dọọdún. Ní 2020, àwọn onímọ̀ inú ètò Ceres2030 ní bílíọ̀nù 33 ni: kí àwọn olùrànlọ́wọ́ san 14, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn san 19.

Kò sí èké nínú wọn. Ìbéèrè wọn ni kò dọ́gba. Àwọn ará 2015 ka owó ìjọba mọ́ ti aládàáni, wọn kò sì fẹ́ kí ebi ṣẹ́ kù rárá. Owó ìjọba nìkan ni àwọn ti 2016 kà, wọ́n sì gbà pé ebi ti tán bí ó bá ku ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ti 2020 mú un wá sí mẹ́ta. Lójú ẹni tí ó bá wà nínú márùn-ún tàbí mẹ́ta yẹn ńkọ́?

Nígbà tí David Beasley, olórí àjọ tí ń pín oúnjẹ fún àgbáyé, bẹ àwọn olówó ayé fún bílíọ̀nù 6.6 ní 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì í gbọ́ pé òpin ebi ni ó ń náwó lé. Mílíọ̀nù 42 ènìyàn tí ìyàn fẹ́ pa ní orílẹ̀-èdè 43 ni ó ń tọrọ fún. Bílíọ̀nù 3.5 jẹ́ ti oúnjẹ àti gbígbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, bílíọ̀nù 2 jẹ́ owó àti ìwé ìrajà. Oúnjẹ ọdún kan ṣoṣo ni.