Òkúta, Ṣọ́ọ̀ṣì àti Ilé Ọtí: Àyẹ̀wò Àwọn Ohun Àjogúnbá ní Páríṣì Avebury, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Ní àgbègbè Wiltshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni páríṣì Avebury wà, ní ẹ̀bá odò Kennet, kò jìnnà sí ìlú ọjà Marlborough. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yí abúlé náà ká yóò rí òkúta àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀, yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kọ́ kí àwọn Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, yóò sì rí ilé ọtí tí ó jókòó sáàárín àwọn òkúta náà gan-an. Ní 1986 ni àjọ UNESCO fi Avebury àti Stonehenge pa pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ Ibi Àjogúnbá Àgbáyé.

Àwọn òkúta ni òkìkí ibẹ̀ rọ̀ mọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé a kò lè lóye wọn bí a kò bá ka ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí mọ́ wọn, nítorí ìtàn kan náà ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ní Avebury ló ṣẹ́ kù, ohun tí wọ́n rí lò ni wọ́n fọ́.

Yàrà àti agbo òkúta

Láàárín nǹkan bí ọdún 2850 sí 2200 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà gbẹ́ yàrà róbótó kan, tí wọ́n sì fi ẹfun tí wọ́n wà jáde mọ odi yí i ká. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀. Yàrà náà jìn tó mítà 9 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tó ya dí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Sínú àyè tí yàrà yìí yí ká ni wọ́n to òkúta sarsen tí wọ́n wọ́ wá láti orí òkè Marlborough Downs: agbo ńlá kan tí òkúta rẹ̀ tó nǹkan bí 100, àti agbo méjì mìíràn nínú rẹ̀. Wọn kò gbẹ́ àwọn òkúta náà rárá. Bí wọ́n ṣe bá wọn lórí òkè ni wọ́n ṣe gbé wọn nàró. Kò sí agbo òkúta mìíràn ní gbogbo Bìrìtéènì tó tóbi tó o.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà kan tí wọ́n to òkúta sí lọ́tùn-ún lósì ti lọ sí Overton Hill, ìrìn nǹkan bí kìlómítà méjì ààbọ̀. Nítòsí ọ̀nà yìí ni ibojì West Kennet wà, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 3650 ṣáájú ìbí Kristi, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì bá egungun èèyàn tí kò dín ní 36 nínú rẹ̀. Òkìtì Silbury náà kò jìnnà síbẹ̀. Ó ga tó mítà 30, ọwọ́ èèyàn ló sì kó o jọ ní nǹkan bí 2400 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọba kan ló sùn sínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò láti orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní 1776, wọn kò rí òkú kankan. Ihò ọjọ́ yẹn ló ya ní ọdún 2000, tí ó sì di dandan kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ẹfun dí inú òkìtì náà ní 2007 àti 2008.

Ṣọ́ọ̀ṣì Jákọ́bù Mímọ́

Lẹ́yìn odi, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì náà wà. Ibi tí ìjọ ń jókòó sí ti wà láti nǹkan bí ọdún 1000, àwọn fèrèsé róbótó ìgbà Anglo-Saxon ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Agbada ìrìbọmi rẹ̀ yẹ ní wíwò fínnífínní. Òkúta ni, ó sì rí róbótó. Lára rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan sí, ọ̀pá oyè rẹ̀ lọ́wọ́, ẹranko abìrù bí ejò méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀pọ̀ ló ka iṣẹ́ ọnà yìí sí ìṣẹ́gun ìgbàgbọ́ lórí èṣù.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù níbẹ̀ ni àjà onígi tó wà lókè ibi tí wọ́n ti pín ìjọ níyà kúrò lọ́dọ̀ pẹpẹ. Ọ̀rúndún karùndínlógún ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé kí wọ́n wó irú àjà bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, ọ̀pọ̀ páríṣì ṣe bẹ́ẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ní Avebury, ògiri ni wọ́n gbé e tì, wọ́n sì rẹ́ ẹ pa. Ó wà níbẹ̀ títí di 1810 kí wọ́n tó rí i, tí wọ́n sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn tó sin òkúta àti àwọn tó fọ́ ọ

Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn ará abúlé gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ òkúta, wọ́n ti wọ́n ṣubú sínú rẹ̀, wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìbẹ̀rù òrìṣà àtijọ́ ló mú wọn ṣe é. Àwọn mìíràn ní oko ni wọ́n ń wá àyè fún. Ní 1938, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Alexander Keiller ń hú ọ̀kan jáde, ó bá egungun ọkùnrin kan lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti owó fàdákà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà. Wọ́n gbà pé onígbàjámọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé òkúta ló wó pa á, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe fún egungun náà kò fi èyí múlẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ọwọ́ mìíràn ni wọ́n gbé. Wọ́n á dáná koríko sábẹ́ òkúta títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù sí i lára, wọ́n á sì fi òòlù ńlá là á. William Stukeley, olùṣèwádìí ohun àtijọ́, wà níbẹ̀ lemọ́lemọ́ láàárín 1719 sí 1724, ó ya àwòrán ohun tó ń lọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1743. Ilé, abà, ọgbà àti ilé ìsìn pàápàá ni àwọn àfọ́kù náà lọ sí. Nígbà tí òfin 1665 lé àwọn oníwàásù tí kò tẹ̀lé Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì jìnnà sí ìlú ńlá, àwọn kan nínú wọn rí ààyè ní Avebury. Ilé ìsìn tí ìjọ wọn kọ́ wà nínú agbo títí dòní, àfọ́kù sarsen sì wà lára ògiri rẹ̀.

Ilé ọtí

Red Lion ni orúkọ ilé ọtí inú agbo. Ilé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n 1802 ni wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ọtí títà. Kànga àtijọ́ kan wà nínú yàrá rẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì bò lójú, tí àwọn oníbàárà fi ń ṣe tábìlì. Ìtàn àgbọ́sọ ní inú kànga yìí ni ọkọ kan ju òkú ìyàwó rẹ̀, Florrie, sí nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé iwin Florrie ń fara hàn. Ní Beckhampton, ní páríṣì kan náà, ilé ọtí Waggon and Horses ni ibi tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Bath ti máa ń sinmi láyé àtijọ́. Sarsen ni ògiri rẹ̀.

Àwọn olùtọ́jú

John Aubrey ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí àwọn ọ̀mọ̀wé sí agbo náà lẹ́yìn tó rí i ní 1649, ó sì mú Ọba Charles Kejì lọ wò ó ní 1663. Ní 1871, John Lubbock ra ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má baà kọ́ ilé lé e lórí; òun náà ló jà fún òfin ààbò ohun àtijọ́ tó jáde ní 1882. Keiller, tí ìdílé rẹ̀ fi jáàmù ọsàn là ní Dundee, ra púpọ̀ nínú abúlé náà, ó gbé àwọn òkúta tí wọ́n sin dìde, ó sì fi òpó kọnkéré sí àyè àwọn tí wọ́n ti fọ́. Ní 1943 ló tà á fún National Trust ní £12,000. Àmọ́ iṣẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀: wọ́n wó ilé àwọn kan nínú agbo kí òkúta lè hàn, àwọn ará ibẹ̀ sì kó lọ sí Avebury Trusloe.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn tó sin òkúta kò ní in lọ́kàn láti tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà á là. Àwọn tó rẹ́ àjà ṣọ́ọ̀ṣì pa náà ṣe bákan náà. Èyí tí wọ́n fọ́ kò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò ní abúlé. Ó wà lára ilé ìsìn, ilé ọtí àti ọgbà. Nítorí náà, wíwó ilé kí òkúta lè hàn jẹ́ fífi apá kan ogún gba apá kejì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí páríṣì bí irú èyí yẹ ògiri ilé ọtí wò fínnífínní bí ó ti ń yẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì wò, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó tó pinnu ohun tó tọ́ sí títọ́jú.