Ojú Òde àti Ojú Inú: Ìtàn Ìdàpọ̀ Ìrísí Gidi, Ìfojú-inú-wò àti Àfòyemọ̀ nínú Àwòrán Kíkùn

Ìfáàrà
Ejìnrìn, tó wà létí ọ̀sà láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọjà tí àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí olùkọ́ kan nílùú náà bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ya ọ̀sà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan ya ọkọ̀, àwọ̀n àti apẹja bí ojú ṣe rí wọn gan-an. Kí ìkejì ya obìnrin onírù ẹja sábẹ́ ọkọ̀. Kí ìkẹta sì fi kìkì ìlà àti àwọ̀ ṣe omi. Ta ni yóò gba máàkì? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ìtàn.

Ìpìlẹ̀ nínú Àṣà
Yorùbá ya ojú òde sọ́tọ̀ kúrò lára ojú inú. Ojú òde ń rí ohun tó hàn. Ojú inú ń rí ohun tó fara sin. Nínú iṣẹ́ ọnà àtijọ́ ní Ifẹ̀, àwọn orí tó jọ ènìyàn gidi àti àwọn orí tí a gbẹ́ ṣóńṣó láìsí ojú tó pé jọ wà pọ̀. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, ère àkó tí wọ́n ń fi ṣe ìsìnkú kejì gbọ́dọ̀ jọ olóògbé. Ṣùgbọ́n orí ère ìbejì a máa tóbi ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé orí ni olórí ara. Robert Farris Thompson, tó fọ̀rọ̀ wá àwọn Yorùbá tó mọ iṣẹ́ ọnà lẹ́nu wò, ṣàlàyé pé 'jíjọra' tí wọ́n ń yìn kì í ṣe kí ère rí bákan náà pẹ̀lú ènìyàn, kì í sì í ṣe kí ó má jọ ọ́ rárá. Ààrin méjèèjì ni.

Ọnàbólú àti Ìrísí Gidi
Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1920 sí 1922. Nígbà tí àwọn òyìnbó kan ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ya ohun tó jọ gidi, iṣẹ́ rẹ̀ já wọn nírọ́. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó mú Kenneth Murray wá sí Nàìjíríà ní 1927. Ọ̀nà tí Murray gbà kọ́ni yàtọ̀ sí tirẹ̀: ó rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yíjú sí iṣẹ́ ọnà àti ìgbésí ayé ìlú wọn. Báyìí ni ọ̀nà méjì ṣe là sílẹ̀.

Zaria, Òṣogbo àti Ifẹ̀
Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Èrò wọn ni pé kí a mú èyí tó dára nínú ẹ̀kọ́ òyìnbó, kí a sì dà á pọ̀ mọ́ tiwa. Àwọn ènìyàn inú àwòrán Grillo ga tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ aró sì bò wọ́n. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n.

Ní Òṣogbo, wọ́n dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962 nílé Dúró Ládípọ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964 ni Twins Seven Seven ti bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán. Ẹ̀mí, ẹranko àti ènìyàn lọ́ mọ́ra nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé igbó inú àlọ́ ló ṣí sílẹ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ dípò ọ̀dà. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu Òṣogbo pé ojú àwọn òyìnbó ni ó ń wò, ṣùgbọ́n àríwísí náà kò lè pa á rẹ́ pé inú ìtàn àti ìgbàgbọ́ Yorùbá ni àwọn àwòrán náà ti jáde.

Ní 1989, Móyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fílání, Tọ́lá Wewe, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Òkédìjí kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ, ó sì lo erùpẹ̀ bí ọ̀dà. Wewe, ọmọ agbègbè olómi ní Òkìtìpupa, fi ìmọ̀ nípa ẹ̀mí inú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ Ejìnrìn bá ya obìnrin onírù ẹja, kò ṣe ohun tí àwọn àgbà kò ṣe rí.

Àgbálọgbábọ̀
Ìtàn yìí kò sọ pé ohunkóhun tí ọmọ bá yà ló dára. Ọnàbólú kọ́ni pé ojú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́. Ẹni tó fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú àwòrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń yọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, 'Kí ni o rí?' kí ó tó gbé bírò pupa. Bí ọmọ kìn-ín-ní bá wo ọkọ̀ dáadáa, bí ìkejì bá mọ ìtàn tó ń sọ, bí ìkẹta bá lè ṣàlàyé ìdí tí omi rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ fún máàkì. Olùkọ́ tó bá gba ti ojú òde nìkan ń fọ́ ojú inú ọmọ, ojú inú yìí gan-an ni wọ́n sì fi gbẹ́ ère ìbejì.